“Ó ti tán” àbí “ó ń tán lọ”? Bí a ṣe ń ka èsì ìdìbò abẹ́lé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí láti Houston. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti gba ìwé ọmọ onílùú, ó sì ń dìbò bíi tiwọn. Alẹ́ ṣì ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, àkùkọ kò tíì kọ. Àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Biden ti tán o.”

Èsì New Hampshire ló ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ni wọ́n ń kà. Joe Biden, tó ti ṣe igbákejì Obama fún ọdún 8, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè ní ẹni iwájú láti ọdún tó ṣáájú, ló wá ṣe ipò karùn-ún. Ní Iowa, ọjọ́ 8 ṣáájú ìgbà náà, ipò kẹrin ló ṣe.

Mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Aṣojú mélòó ni wọ́n ti pín báyìí, mélòó ló sì kù?” Kò mọ̀. N kò bá a wí. Ọ̀rọ̀ aṣojú kì í dùn ún sọ lórí tẹlifíṣọ̀n bí ọ̀rọ̀ ta ló ṣe ipò kìíní.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Aṣojú 41 ni wọ́n ń pín ní Iowa, 24 ni ti New Hampshire, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Gbogbo aṣojú tí ẹgbẹ́ Democrat máa fi ìbò pín lọ́dún náà jẹ́ 3,979, ẹni tó bá sì fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kó 1,991 nínú wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí lápapọ̀ kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹnì kan bá pàdánù gbogbo rẹ̀, ìdá 98 ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Ẹni tí gírámà bá ń rẹ̀ lè fo ìpínrọ̀ yìí. Nínú èdè wa, “ti” àti “ń” kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. “Ó ń tán lọ” jẹ́ ibá àìṣetán: nǹkan ṣì wà nínú ìkòkò, bó ti wù kó kéré mọ. “Ó ti tán” jẹ́ ibá aṣetán: ẹ lè gbé ìkòkò lọ fọ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí bí èsì àkọ́kọ́ bá ti jáde kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ń purọ́ nípa iye ìbò. “Ti” ni wọ́n ń fi síbi tó yẹ kí “ń” wà. Òyìnbó náà ń ṣe é ní èdè tirẹ̀, ẹ má rò pé àwa nìkan ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe “borí” náà wà lára wọn. Gbogbo ayé ni ó sọ pé Bernie Sanders borí ní New Hampshire, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ló kó. Bí ẹni mẹ́rin bá lọ dìbò, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò yan ẹni tó “borí” yìí. Pete Buttigieg tó ṣe ìkejì gba ìdá 24, nígbà tí wọ́n sì pín aṣojú, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì gbà. Ọ̀mì ni, tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìbò la fẹ́ kà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí ní 2008: Hillary Clinton gba ìdá 39, Barack Obama gba nǹkan bí 36, wọ́n ní Hillary ti jí dìde, aṣojú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án náà ni.

Àwa tí a ń gbọ́ ọ láti Nàìjíríà tún ní ìṣòro tiwa, “ìdìbò abẹ́lé” tí a ń pè é ló sì fà á. Lọ́dọ̀ wa, abẹ́lé ni lóòótọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ máa ń péjọ sójú kan, wọn a dìbò, wọn a kà á, kí ọjọ́ kejì tó ṣú, tíkẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Bí APC ṣe ṣe é ní Eagle Square ní Àbújá lọ́dún 2022 nìyẹn, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, ojú títì ni “abẹ́lé” wọn wà. Ará ìlú ló ń dìbò, ìpínlẹ̀ kan lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ní New Hampshire, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kankan pàápàá lè bá wọn dìbò. Nítorí náà, bí etí wa bá gbọ́ pé lágbájá borí nínú ìdìbò abẹ́lé, ọkàn wa ti lọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ kan péré lẹni náà mú. N kò ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ láti fi rọ́pò rẹ̀. Mo kàn ń tọ́ka sí i ni.

Kí ló wá dé tí ohun tó kéré tó báyìí ń pariwo tó bẹ́ẹ̀? Èrò mi ni pé kì í ṣe ìbò nìkan ni wọ́n ń wọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń wọn àlàfo tó wà láàrin ohun tí wọ́n retí àti ohun tí wọ́n rí.

Ní 1972, Edmund Muskie, sẹ́nétọ̀ láti Maine, gba ìdá 46 ní New Hampshire. George McGovern gba 37. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé 46 ju 37 lọ. Ṣùgbọ́n Maine àti New Hampshire jọ pààlà, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ó yẹ kí aládùúgbò wọn kọjá ìdajì; nígbà tí kò kọjá a, wọ́n ní ó kùnà. McGovern tó ṣe ìkejì ló gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ààrẹ tó wà lórí àga, Lyndon Johnson, gba nǹkan bí ìdajì ìbò níbẹ̀, Eugene McCarthy tó ń tako ogun Vietnam gba ìdá 42. Johnson ló pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n kà sí ẹni tó farapa. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, ó ti kéde pé òun ò ṣe mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Iowa ní 1976. Àwọn tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 37, ni àwọn tí kò so ara wọn mọ́ òǹdíje kankan. Jimmy Carter tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú nǹkan bí 28. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló borí? “A ò tíì mọ̀” ló borí! Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè fi “A ò tíì mọ̀” sí ojú ìwé ìròyìn àkọ́kọ́, Carter ni wọ́n fi síbẹ̀, láti ìgbà náà ni Iowa sì ti di ibi tí àwọn òǹdíje ń sáré lọ.

Bill Clinton mọ eré yìí dénú. Ní 1992, Paul Tsongas láti Massachusetts, ìpínlẹ̀ aládùúgbò mìíràn, gba ìdá 33 ní New Hampshire, Clinton gba 25. Ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹra fún iṣẹ́ ológun ti fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú ṣáájú, nítorí náà kò sẹ́ni tó retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó jáde síta lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ara rẹ̀ lórúkọ: ọmọ tó ṣubú tó tún dìde. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí dòní. Tsongas tó ṣe ìkíní ńkọ́? Inú ìwé la ti ń wá a.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo èyí. Àwa onímọ̀ èdè mọ irú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé sísọ ọ́ gan-an ni ṣíṣe é. Bí bàbá bá ní “Adé ni mo sọ ọ́”, ọmọ ti di Adé nìyẹn, kò tún ku iṣẹ́ kankan. Ẹni tí kò ní àṣẹ lórí ọmọ kò lè ṣe é. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ìdìbò kò ní irú àṣẹ yẹn lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n àwọn olówó ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ní in. Òǹdíje nílò owó fún ìpolówó, fún ọkọ̀ òfurufú, fún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ní “lágbájá ti tán”, àwọn tó ń dáwó fún un a di àpò wọn. Bí owó bá gbẹ, a tú àwọn òṣìṣẹ́ ká. Bó bá tú wọn ká, ó tán lóòótọ́. “Ti” tó jẹ́ àṣìṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun á wá di òótọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Nínú ẹgbẹ́ Republican, òfin pínpín aṣojú tún lè mú kó yá. Democrat ń pín aṣojú bí ìbò bá ṣe rí, fún ẹni tó bá ti gba ìdá 15 sókè. Republican fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láti kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan. Ní South Carolina lọ́dún 2016, Donald Trump gba ìbò tí kò tó ìdá 33, gbogbo aṣojú 50 ló sì kó lọ. Jeb Bush fi ìdíje sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Níbẹ̀, ẹni tó bá sọ “ti” kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́.

N kò sì sọ pé kí a da èsì àkọ́kọ́ nù. Nígbà tí Obama mú Iowa ní 2008, ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù tó ti ń ṣiyèméjì rí i pé ó ṣeé ṣe. Ó gba ìdá 55 ní South Carolina lóṣù kan náà. Èyí jẹ́ ìròyìn tó wúlò: kì í ṣe iye aṣojú ló sọ ọ́, irú ẹni tó dìbò ni. Ìbéèrè kejì tí mo máa ń bèèrè nìyẹn, lẹ́yìn ti aṣojú: ta ló dìbò, ta ni kò tíì dìbò?

Ní 2020, àwọn tí kò tíì dìbò ni ọ̀rọ̀ Biden wà lọ́wọ́ wọn. Iowa àti New Hampshire kò ní aláwọ̀ dúdú púpọ̀. Ní South Carolina, àwọn ló ju ìdajì àwọn tó ń dìbò abẹ́lé Democrat. James Clyburn, àgbà aṣòfin láti ibẹ̀, kéde ní ọjọ́ 26, oṣù Èrèlé, pé Biden lòun máa tì lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Biden gba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ìbò. Buttigieg fi ìdíje sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Amy Klobuchar lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjèèjì sì lọ kéde fún Biden ní Dallas. Nígbà tí ìpínlẹ̀ 14 dìbò lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 3, oṣù Ẹrẹ́nà, 10 ló bọ́ sọ́wọ́ Biden, tó fi mọ́ Massachusetts tó jẹ́ ilé Elizabeth Warren.

Kí n má ṣe àbòsí: aṣojú 54 ti South Carolina náà kò tó nǹkan nínú 3,979, àwọn tó sì ní “Biden ti dé” ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ń fi “ti” ṣeré bíi ti àwọn tó ní ó ti tán. Èyí tí wọ́n sọ lẹ́yìn yìí kàn bọ́ sí i ni, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó tẹ̀ lé e jọ South Carolina ju bí wọ́n ṣe jọ Iowa lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Houston ńkọ́? Ní Texas, wọ́n máa ń ṣí àyè ìdìbò sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ti ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé. Biden ló fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n sebí Biden ti tán? Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó dìbò fún Buttigieg. Nígbà tí Texas fi máa ka ìbò, Buttigieg kò sí nínú ìdíje mọ́, Biden tó “ti tán” ló sì mú Texas mọ́ Sanders lọ́wọ́. Ìbò ọmọ mi kò bọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òun nìkan kọ́, ó pọ̀ lọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sán lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Sà, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè lọ gba ìbò ẹ̀ padà ni?” Mo ní kò sí.

Fún 2024, ẹgbẹ́ Democrat yí kàlẹ́ńdà wọn padà, wọ́n gbé South Carolina síwájú. New Hampshire kọ̀, nítorí òfin ìpínlẹ̀ wọn ló ní àwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe tiwọn ṣáájú, láìgba àṣẹ ẹgbẹ́. Ọmọ Houston yìí fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹni tó bá wù wọ́n kó ṣáájú, ọjọ́ ìdìbò gan-an lòun máa ń lọ báyìí.