Ẹẹ́rìndínlógún Dídá: Ẹ̀kọ́ Ọwọ́ Ni Tàbí Ẹ̀kọ́ Ẹnu?

Ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní òun wo fíìmù kan níbi tí obìnrin kan ti da egungun ẹran sílẹ̀ lórí ẹní, tí ó sì fi sọ ohun tí ń bẹ níwájú fún ẹni tó wá bá a. Ó béèrè bóyá Yorùbá náà ní irú rẹ̀. Ó tún ní bí a bá ní in, ọ̀sẹ̀ mélòó ni èèyàn lè fi kọ́ ọ? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ nílẹ̀, nítorí nígbà tí alága ní kí ẹni tó mọ ìdáhùn dìde, ńṣe ni kálukú ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀bi wa nìkan kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínà tàbí Àbújá níhìn-ín ni wọ́n bí wa sí. Yorùbá tí a gbọ́ dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ ju "wá jẹun" àti "ṣé o ti kàwé rẹ?" lọ. Àpilẹ̀kọ yìí ni ìdáhùn tí a jẹ ẹni náà ní gbèsè, ìtìjú tiwa sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun. Ìhà gúúsù Áfíríkà ni dídà á ti gbilẹ̀ jù. Àwọn Súlú ń pè é ní amathambo, èyí tí í ṣe egungun gan-an lédè wọn. Sangoma ni wọ́n ń pe ẹni tó ń dà á, ẹni tó bá sì fẹ́ di sangoma yóò lọ gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, yóò máa sìn ín, yóò sì máa kọ́ ewé àti orin, kí wọ́n tó gbà pé ó tó ẹni tí èèyàn lè wá bá. Àwọn Ṣónà ní Sìmbábúè ní tiwọn ń lo hakata, pátákó kéékèèké mẹ́rin tí a fi igi tàbí egungun gbẹ́. Mẹ́rin yìí, ojú méjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì lè gbà balẹ̀. Yorùbá tó bá gbọ́ mẹ́rin, tó tún gbọ́ mẹ́rìndínlógún, ó yẹ kí etí rẹ̀ ta.

Nítorí àwa náà ní tiwa. A ní obì, a ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, a sì ní owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Egungun pàápàá kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí babaláwo bá dá Ifá, tí odù sì hù, ó ṣì ní láti mọ̀ bóyá ire ni odù ọ̀hún mú wá tàbí ibi. Ìbò ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kú egungun kékeré kan sì dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá dá Ifá ni yóò gbọn wọ́n pọ̀, tí yóò di ọ̀kan mú sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, láìjẹ́ kí babaláwo rí èyí tó wà níbo. Babaláwo yóò tún Ifá dá, ohun tó bá hù ni yóò sì sọ ọwọ́ tí a ó ní kó là. Bí owó ẹyọ bá jáde, ire ni. Bí egungun bá jáde, a ó tún bi Ifá irú ibi tó jẹ́, bóyá ikú ni, àrùn ni, ìjà ni, òfò ni, tàbí àìrówóná. Ẹni tó ń wá egungun nínú ìṣẹ́ṣe Yorùbá, ọwọ́ ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò ni kó ti wá a.

Ti obì kọ́kọ́ dà bí ẹni pé òun ló rọrùn jù lójú wa. Àwa mẹ́ta kan gbéra, a lọ ra obì lọ́jà Gwagwalada, a dé yàrá, a pa á, ó là sí méjì. A pa òmíràn, méjì ni. A pa gbogbo rẹ̀ tán, a sì jẹ ẹ́, torí owó kì í ṣe ọ̀rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí a wá bi àgbà léèrè ni a gbọ́ pé gbànja ni a rà, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní gòrò, awẹ́ méjì péré ló sì máa ń ní. Obì àbàtà ni a fi ń bọ òrìṣà, nínú rẹ̀ ni a sì ti ń rí aláwẹ́ mẹ́rin tí a lè dà. Bí méjì bá ṣíjú sókè tí méjì sì dojú bolẹ̀, wọ́n á ní obì yàn. Ṣé ẹ rí i pé ibi tí èèyàn dàgbà sí lè fara hàn nínú obì tó rà?

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá dojú kọ ẹẹ́rìndínlógún, òun gan-an la sì fẹ́ ṣàlàyé. Àwọn olórìṣà ló ni ín: ọlọ́ṣun, ọlọ́bàtálá, oníṣàngó, àti àwọn tó ń bọ Yemọja. Tọkùnrin tobìnrin ló ń dá a, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé Ọ̀ṣun ló rí i gbà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà. Owó ẹyọ tí a ń lò ọ̀hún, láti òkèèrè ló ti wá. Àwọn erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà wà lára ibi tí a ti ń kó o wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀ nígbà tí a ń ná an bí owó. A ó fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A ó kó mẹ́rìndínlógún jọ sí àtẹ́lẹwọ́, a ó dà wọ́n sórí àtẹ, a ó sì ka iye èyí tó ṣí ẹnu sókè. Ọ̀kan jẹ́ Ọ̀kànràn, mẹ́jọ jẹ́ Èjì Ogbè, mẹ́sàn-án jẹ́ Ọ̀sá, méjìlá jẹ́ Èjìlá Ṣẹbọra. Bí ọ̀kankan kò bá ṣí ẹnu, Ọ̀pìrà ni. Odù mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí ti Ifá jẹ́ 256.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, ẹ fetí sí èyí. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì owó ẹyọ bá dọ́gba, ọ̀nà 65,536 ni mẹ́rìndínlógún lè gbà balẹ̀. Nínú rẹ̀, 12,870 ni yóò fún wa ní mẹ́jọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni yóò fún wa ní Ọ̀pìrà. Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀kan nínú 256 ni ti odù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Nítorí náà odù kan lè máa wọlé lójoojúmọ́ lórí owó ẹyọ, kí òmíràn má wọlé títí èèyàn yóò fi darúgbó. (Owó ẹyọ gidi kò dọ́gba o. Àwa dà á títí ilẹ̀ fi ṣú láti fi wò ó, àwọn ará yàrá kejì sì ní ariwo ti pọ̀ jù.)

Gbogbo èyí, ọjọ́ mẹ́rin péré ló gbà wá. Ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ wa obìnrin kan wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ti ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní kí á bá òun wò ó. Ó yẹ kí á ní rárá. A kò ṣe bẹ́ẹ̀. A da owó ẹyọ, mẹ́sàn-án ṣí ẹnu. Ọ̀kan nínú wa, tó ti mọ orúkọ odù sórí bí ẹni mọ ABD, sọ pé Ọ̀sá ni, Ọ̀sá sì ni sísá, àfi kí wọ́n tètè gbé màmá sá kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà tẹ ilé láago lójú wa, ó ń sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ abẹ náà fi falẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó béèrè ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àwa ni, ohun tó sọ fún wa kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, màmá sì yè é. Síbẹ̀, irora ọjọ́ mẹ́ta tí kò yẹ kó jẹ, ọrùn wa ló wà.

Ẹ̀rù yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ babaláwo, tó sì ń gbé ní Kubwa. A dọ̀bálẹ̀, a rojọ́. Bàbá kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá:

"Ẹsẹ wo lẹ kì fún un?"

"A ò ki ẹsẹ kankan, Bàbá."

"Ẹ bi í bóyá ire ni tàbí ibi?"

"Rárá, sà."

"Ẹ ò dá a nígbà náà. Ẹ dà á ni."

Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwa tí a ń pe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bákan náà tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá ti da owó ẹyọ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ parí. Ẹnu ló kù, ẹnu yìí sì ni ọmọ awo ń fi ọdún gbọọrọ kọ́. Bí odù bá hù, adáhunṣe kì í rò nǹkan láti inú ara rẹ̀. Ẹsẹ ni yóò máa kì. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ẹni tó dá Ifá láyé àtijọ́, ẹni tí a dá a fún, ohun tó ń dùn ún, ẹbọ tí a ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe já sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníbèéèrè kì í tilẹ̀ sọ ohun tó gbé e wá. Owó ni yóò fi ẹnu kàn, tí yóò sọ̀rọ̀ sí wúyẹ́wúyẹ́. Òun ni yóò dá ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu mọ̀ nígbà tí awo bá ń kì wọ́n lọ. Ẹni tí kò mọ ẹsẹ kò ní ohun tí oníbèéèrè lè mú nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni yóò sì máa sọ, bí àwa ti ṣe. Bàbá ní ìtumọ̀ tí a fún Ọ̀sá dà bí ẹni tó gbọ́ pé ẹnìkan ń jẹ́ Babátúndé, tó wá ń bi í bí ọ̀run ṣe rí. Wọ́n tún fa páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní dókítà ló kọ ọ́ fún àwọn, àwọn ò sì sá.

Ẹ bá wa ṣírò iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá mọ ẹsẹ mẹ́rin péré nínú odù Ifá kọ̀ọ̀kan, 1,024 ni, kò sì sí awo tí yóò fi mẹ́rin yangàn. Ẹẹ́rìndínlógún kéré sí i, síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó. Ní 1951, ní Ọ̀yọ́, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, William Bascom, gba ohùn Salakọ, olórìṣà tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún, sílẹ̀. Ẹsẹ tí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí kì fún un di odindi ìwé ńlá, èyí tó jáde ní 1980. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ náà, ti tẹ ẹsẹ Ifá lédè Yorùbá láti 1968 nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Ìwé wà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ẹsẹ nínú ìwé tí a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, àwa tí a kò dàgbà nílé, dá àti dà yóò tún rú wa lójú.

Ohun tó wú wa lórí jù ni ti Kúbà. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé ẹẹ́rìndínlógún lọ, dílógún ni àwọn ọmọ wọn sì ń pè é. Èdè Yorùbá kò jẹ́ èdè ilé fún wọn mọ́, ìwé àjákọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pa ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́. Wọ́n ní òfin kan níbẹ̀: bí owó ẹyọ bá ṣí ẹnu dé méjìlá, ẹni tó ń dá a lè sọ̀rọ̀. Bó bá di mẹ́tàlá lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí ó ní kí oníbèéèrè lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Àwọn tí òkun là láàárín àwa àti àwọn mọ ibi tó yẹ kí ẹnu wọn dúró. Àwa tí Ọ̀yọ́ kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ní kó fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ àáfà wà nínú wa, bàbá rẹ̀ ń tẹ yanrìn, odù mẹ́rìndínlógún náà sì ni ti yanrìn. Àwọn Ígbò tí a jọ ń gbé yàrá ní Afa tiwọn, okùn mẹ́rin tí a so nǹkan mẹ́rin mẹ́rin mọ́. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ fún yín.

Bàbá gbà kí á máa wá ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí á fi owó ẹyọ sílé. Ẹsẹ kan ṣoṣo nínú Èjì Ogbè ni a ti ń kì láti oṣù tó kọjá, a kò sì tíì kì í já lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n dá wa dúró lórí ohùn. Ẹlẹgbẹ́ wa obìnrin náà ti ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí. Ó béèrè bóyá òun lè tẹ̀ lé wa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, a sì ti sọ fún Bàbá.