Bí Lẹ́tà Ìwé Ti Ń Bá Wa Sọ̀rọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1455, Gutenberg fi lẹ́tà òjé tẹ Bíbélì ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn lẹ́tà náà jọ ìkọ̀wé ọwọ́ àwọn akọ̀wé ìgbà náà. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò ń lo lẹ́tà igi ńláńlá, kí ẹni tí ń kọjá lọ lè rí ìkéde ọjà wọn ní òkèèrè.

Ní 1859, Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, ìpàdé Èkó fìdí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì yìí nínú ìkéde, ẹni tí ń ta ọkọ̀ di ẹni tí ń ta oko. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ má ṣe fò ó lójú pátákó. Ohun tí ọmọ kò bá rí níbẹ̀, kò ní wá a nínú ìwé.