Pablo Casals: Olórin Tó Fi Ìdákẹ́ Jà

Ẹni tó bá mọ gòjé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ṣẹ́lò. Méjèèjì la máa ń fi ọ̀pá fa okùn wọn. Àmọ́ ṣẹ́lò tóbi, okùn mẹ́rin ló ní, orúnkún sì ni olórin ń fi í há sí.

Pablo Casals ló ta á tí ayé fi gbọ́. Ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní El Vendrell, ní Catalonia, lórílẹ̀-èdè Spéènì. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó rí ìwé orin kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Barcelona: àkójọ orin mẹ́fà tí Bach kọ fún ṣẹ́lò nìkan. Ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà kà wọ́n sí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ìka lásán. Casals fi wọ́n kọ́ra fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá kó tó ta wọ́n níwájú èrò. Láàárín 1936 sí 1939, ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ọdún yẹn kan náà ni ogun abẹ́lé ń jà ní Spéènì. Ọ̀gágun Franco borí, Casals sì lọ ń gbé ní Prades, ní Faransé, nítòsí ẹnubodè. Ó ní òun ò ní padà sílé níwọ̀n ìgbà tí Franco bá wà lórí oyè.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó retí pé àwọn alágbára ayé máa lé Franco kúrò. Wọn ò ṣe é. Ni olóhùn iyọ̀ bá gbé ọ̀pá sílẹ̀, kò ṣeré fún èrò mọ́. Nígbà tó di 1950, tí Bach pé 200 ọdún tó ti kú, àwọn olórin ló wá bá a ní Prades kó tó tún ta á. Ní 1961, ó ṣeré fún Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà, torí ó bọ̀wọ̀ fún un.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa gbé ohùn jáde, ìdákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tá ò bá gbé nǹkan sórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ti rò pé ẹ ti gbàgbé wa nìyẹn. Ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù.

Ṣé ó lé Franco lọ? Rárá o. Àmọ́ ẹni tó bá béèrè ìdí tí Casals ò fi ta ṣẹ́lò, orúkọ Franco ló máa gbọ́.

Casals kú ní Puerto Rico ní 1973, lẹ́ni ọdún 96. Franco tẹ̀ lé e ní 1975. Ilé làbọ̀ sinmi oko: ní 1979, wọ́n gbé òkú Casals padà sí El Vendrell.

Ẹ wá orin Bach yẹn lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi gbohùngbohùn sétí. Ó dìgbà kan ná o.