Ẹni tí Ṣífíìtì Wà Lọ́rùn Rẹ̀

Ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé, èyí tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ sí eatery, àwọn tí oníbàárà máa ń bá pàdé ni ẹni tó ń gba owó àti ẹni tó ń bu oúnjẹ, ẹni tí orí-ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka tó ń fi ìròyìn oṣooṣù ránṣẹ́. Láàárín àwọn wọ̀nyí ni alábòójútó ṣífíìtì wà. Ṣífíìtì ni ìpín iṣẹ́ ọjọ́ kan: ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan yóò wọlé láàárọ̀, òmíràn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án, ọ̀wọ́ kẹta a sì tún wà níbi tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́jú. Alábòójútó ni ẹni tí ọ̀wọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó, ti yàrá oúnjẹ àti ti ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi dé. Kò ní agbára láti gba ènìyàn síṣẹ́ tàbí láti dá ènìyàn dúró; òun kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń ta abọ́ ìrẹsì kan, òun kọ́ ló sì ń ra adìẹ; síbẹ̀, bí adìẹ bá bàjẹ́, bí owó bá dín, bí ẹni tó jẹun lọ́sàn-án bá ń bì lálẹ́, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Ẹrù tó gbé ju àṣẹ tó ní lọ, èyí kò sì kan alábòójútó nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ètò iṣẹ́ yìí ti wá. Ní 1948, ní ìlú San Bernardino ní ìpínlẹ̀ California, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti Maurice McDonald, dín irú oúnjẹ tí wọ́n ń tà kù sí 9 péré, wọ́n sì pín iṣẹ́ ilé ìdáná sí wẹ́wẹ́, débi pé ẹni tó ń yan ẹran kò níṣẹ́ méjì, ẹni tó ń din ọ̀dùnkún kò sì kúrò nídìí òróró. Oúnjẹ yá, ó sì dín lówó, ṣùgbọ́n nígbà tí kò ti sí ẹni tó ń se oúnjẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́, ó di dandan kí ẹnì kan máa wo ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan ti kan ti ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà, inú àwọn ilé ìtajà Kingsway ti ilé iṣẹ́ UAC ni irú ilé oúnjẹ báyìí ti gbèrú kí ó tó di Mr Bigg's ní 1986. Tantalizers tẹ̀lé e ní Festac ní 1997, Chicken Republic ní 2004, KFC láti Amẹ́ríkà sì wọ Èkó ní 2009.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé oúnjẹ tí wọ́n ń tà nílé níbí kò bá ètò ti Amẹ́ríkà mu tán. Ẹran tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì lọ́hùn-ún kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí iná, nítorí náà wọ́n lè dúró de oníbàárà kí wọ́n tó yan án. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń sè wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti jinná kí oníbàárà tó dé. Alábòójútó ni yóò sọ iye ìkòkò tí wọn yóò gbé kaná ní aago mẹ́wàá àárọ̀, láìmọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́sàn-án, bóyá ilé ìwé yóò tètè jáde, tàbí bóyá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ yóò dá àwọn tó máa ń wá jẹun dúró sójú ọ̀nà. Bí ó bá sè é jù, oúnjẹ yóò ṣẹ́kù. Bí kò bá tó, èrò yóò gba ibòmíràn lọ. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àṣẹ́kù fi le ní ilé oúnjẹ Nàìjíríà ju bó ṣe le lọ níbi tí wọ́n ti dá ètò náà sílẹ̀.

Gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣífíìtì tó ń lọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ni ó sì ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Alábòójútó tó mọ ohun tó ń ṣe kì í buwọ́ lu ìwé kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà nínú rẹ̀: yóò ka adìẹ tó kù nínú fírísà, yóò wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí kọ̀ọ̀kan kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé lè kọ́kọ́ jáde, yóò wo àwọ̀ òróró inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń din nǹkan, nítorí pé òróró tó ti dúdú, tó ń hó pẹ̀lú ìfóòfó, tàbí tó ń rú èéfín kí ó tó gbóná dáadáa ti kọjá lílò. Lẹ́yìn èyí ni yóò yẹ irin ìwọn-ooru wò, ìyẹn irin ṣóńṣó tí wọ́n ń tì bọ inú ẹran láti mọ bí inú rẹ̀ ti gbóná tó. Wọn yóò fọ́ yìnyín kún ife, wọn yóò da omi tútù díẹ̀ sí i, wọn yóò rò ó pọ̀, wọn yóò sì ti irin náà bọ àárín rẹ̀ láìjẹ́ kí ó kan ara ife tàbí ìdí rẹ̀. Bí irin náà bá fara balẹ̀ tán tí kò ka 0°C, ó ń purọ́, ohunkóhun tó bá sì sọ nípa adìẹ lọ́jọ́ náà kò ṣeé gbà gbọ́. Iṣẹ́ kékeré ni, kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń dáàbò bò.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń se oúnjẹ rọrùn láti há sórí: kí inú oúnjẹ gbóná dé 70°C nígbà tí wọ́n bá ń sè é, kí èyí tó ń dúró de oníbàárà gbóná ju 60°C lọ, kí èyí tó wà nínú òtútù má kọjá 5°C, kí ohun tí wọ́n ti sè má sì wà níta ju wákàtí 2 lọ. Láàárín 5 sí 60 yìí ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Adìẹ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń bẹ̀rù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò Salmonella tó lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus, tó máa ń wà lára ìrẹsì bí èso líle kan tí omi gbígbóná kì í pa. Ìrẹsì náà lè jinná dáadáa, kí èso yìí ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà fún wákàtí mélòó kan, èso náà yóò hù, yóò sì tú oró kan sínú oúnjẹ tí gbígbé kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 6. Nítorí náà, alábòójútó tó bá sọ pé "Ẹ tún gbé e kaná, kò ní í ṣe nǹkan kan" nípa ìrẹsì tí iná abẹ́ rẹ̀ ti kú láti ọ̀sán kò mọ ewu tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n dà á nù nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ lè má rùn, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà, adùn rẹ̀ náà lè má yàtọ̀. Aago àti irin ìwọn-ooru nìkan ni wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n.

Iná mànàmáná tún dá kún iṣẹ́ náà. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà á, kí alábòójútó kọ àkókò tí iná lọ sílẹ̀ ni àkọ́kọ́, kí ó sì ka ṣíṣí ilẹ̀kùn fíríìjì léèwọ̀. Fíríìjì tí wọn kò ṣí lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4, fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú sì lè mú un dé wákàtí 48, ṣùgbọ́n ilé ìdáná tí ẹnì kan ń wọ̀ tí ẹnì kan ń jáde kò lè retí pé kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kọ àkókò sílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣírò.

Lẹ́yìn oúnjẹ, owó ló kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, alábòójútó máa ń ka owó ṣénjì fún agbowó kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní kaṣíà, àwọn méjèèjì yóò sì jọ buwọ́ lù ú. Ní òpin iṣẹ́, iye tí ẹ̀rọ ìgbowó sọ pé wọ́n tà gbọ́dọ̀ bá owó ọwọ́, owó káàdì àti owó tíráńsífà ṣe déédéé. Ibi tí jìbìtì ti máa ń wọlé ni ìfagilé ọjà: oníbàárà á ti sanwó, á ti gbé oúnjẹ lọ, kaṣíà á wá pa ọjà náà rẹ́ lórí ẹ̀rọ bí ẹni pé wọn kò tà á, owó á sì bọ́ sápò. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ pé kí ó má fagi lé ọjà láìjẹ́ pé alábòójútó tẹ nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀, alábòójútó tó bá sì sọ nọ́ńbà náà fún kaṣíà nítorí pé èrò pọ̀ ti gba gbèsè ẹlòmíràn sọ́rùn. Tíráńsífà mú ìṣòro tirẹ̀ wá, pàápàá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó bébà di ohun àwátì, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún náà pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ dé òpin ọdún. Oníbàárà yóò na fóònù sókè pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, àkáǹtì ilé oúnjẹ kò sì tíì rí nǹkan kan. Èrò ń tò sí i lẹ́yìn, ohùn ń ga. Ohun tó wọ àkáǹtì ilé iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rí, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà nígboro. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣàròyé ti sanwó ní tòótọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá owó wọn dúró. Ìpinnu tí alábòójútó bá ṣe níbẹ̀ lè di gbèsè sí i lọ́rùn.

Ohun kan wà tí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n gbé wá láti òkèèrè kò lè kọ́ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Alábòójútó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, kí ìyá tó ń se ìrẹsì sì ti bí ọmọ tó jù ú lọ. Láàárín Yorùbá, irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè pàṣẹ fún ìyá náà bí ẹni ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná yóò dákẹ́, iṣẹ́ yóò sì máa falẹ̀ láìsí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ pé òun ń bínú. Bí ó bá sì torí ìtìjú panu mọ́ nígbà tí ìyá náà ń fi ọ̀bẹ tó fi gé adìẹ tútù gé sàláàdì, oníbàárà ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn tó mọ ọ̀nà rẹ̀ a máa sún mọ́ ìyá náà, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa pààrọ̀ ọ̀bẹ yẹn, adìẹ tútù ló wà lára ẹ̀." Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún iyàn. Ìyá tó gbọ́n náà yóò máa pe ọ̀dọ́ yìí ní "Ọ̀gá" lójú àwọn òṣìṣẹ́ kékeré kí àṣẹ rẹ̀ lè múlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa kọ́ àwọn alábòójútó tuntun ní irú ọ̀rọ̀ sísọ báyìí, kí wọ́n má fi sílẹ̀ fún oríire ẹni.

Ibi tó dunni jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti ìyọkúrò owó oṣù. Ní àwọn ilé oúnjẹ kan, bí owó bá dín tàbí bí oúnjẹ bá ṣòfò, wọn a pín in sórí àwọn tó wà ní ṣífíìtì náà, alábòójútó a sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Òfin tó de ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò fàyè gba èyí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Abala 5 rẹ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò lára owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù tàbí kó o bá agbanisíṣẹ́ nípa àìka-iṣẹ́-sí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó tó mọ níwọ̀n, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òfin yìí yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìṣàkóso sílẹ̀, alábòójútó sì wà lẹ́nu ààlà: agbanisíṣẹ́ lè pè é ní ọ̀gá nígbà tí alábòójútó bá ń bèèrè ẹ̀tọ́, kí agbanisíṣẹ́ kan náà sì pè é ní òṣìṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá dọ̀tí. Ohun tó burú jù lọ kò sí nínú ìwé òfin rárá. Bí dída ìkòkò ìrẹsì kan nù yóò bá jẹ owó ọ̀sẹ̀ kan nínú owó oṣù ẹni tó ń bọ́ ọmọ, wọ́n ti fi ebi ọmọ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìlera oníbàárà. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń san owó fún oúnjẹ tó ti bàjẹ́ kí ó lè dé orí tábìlì, bó ti wù kí ìwé ìlànà ìmọ́tótó tó wà lára ògiri rẹ̀ dára tó.

Ní ti ìsinmi, òfin Nàìjíríà sàn ju ti àwọn ibòmíràn lọ lórí ìwé. Abala 13 òfin iṣẹ́ kan náà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, nígbà tí òfin Bìrìtìkó fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ ní ìṣẹ́jú 20, tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sì pa ìsinmi oúnjẹ láṣẹ fún àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ló ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé oúnjẹ yìí, níbi tí alábòójútó ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ wákàtí wọn, nítorí pé físà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò fàyè gba ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà nínú sáà.

Ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè ya ìwé oúnjẹ àdànù sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé gbèsè òṣìṣẹ́. Nínú rẹ̀ ni alábòójútó yóò kọ irú oúnjẹ, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, àkókò àti ìdí tí wọ́n fi dà á nù, ẹlòmíràn yóò sì buwọ́ lù ú pé ó ṣojú òun. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ pé kíkọ òótọ́ kò ní í dín owó oṣù òun kù, ìwé náà lè fi ohun tí ojú kò rí hàn: pé ìrẹsì ń ṣẹ́kù lọ́jọ́ Ajé ju ọjọ́ Ẹtì lọ, pé adìẹ tí wọ́n ń din lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ ni kì í tà, tàbí pé fíríìjì kan ni ó ń ba wàrà jẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ẹ̀ka lè wá dín ìkòkò ọjọ́ Ajé kù, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta bèèrè fíríìjì mìíràn lọ́wọ́ orí-ilé-iṣẹ́.