Àìmọ àrùn ọpọlọ ajá ń sọ owó ọ̀pọ̀ alájá di òfo

Bí ajá bá dédé ṣubú lulẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń di púpọ̀ nínú ilé. Ẹnìkan á ní májèlé ló jẹ, ẹlòmíì á ní ayé ló ń bá alájá jà, ẹnìkẹta á sì ti sáré lọ gbé epo pupa wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n lè ti pa ajá náà, tàbí kí wọ́n ti tà á fún alápatà ní owó pọ́ọ́kú.

Bẹ́ẹ̀, àìsàn tó ní orúkọ ni irú nǹkan báyìí, òmíràn nínú wọn sì ní ìtọ́jú. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé oríṣiríṣi àìsàn tó ń da ọpọlọ àti iṣan ara ẹran láàmú ló máa ń jọra wọn lójú ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹranko. Ọ̀kan lè lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀kan ń fẹ́ oògùn títí ayé, ọ̀kan kò sì ní oògùn rárá, ó lè pa alájá pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń bá jà, owó òfo ló ń ná.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnìkan ra ìyá ajá kan ní ₦300,000, tó bí ọmọ mẹ́jọ, tó sì fẹ́ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ₦60,000. ₦480,000 ló ń retí nìyẹn. Bí àìsàn bá pa mẹ́fà nínú wọn, ₦120,000 péré ló máa wọlé. Owó yìí kò tó ìdajì iye tó fi ra ìyá wọn, ká má tíì sọ ti oúnjẹ.

Èyí tó ń pa ọmọ ajá

Lára àwọn àrùn tó ń fa irú òfo bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní distemper. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kì í sì í pẹ́ ràn láti ara ajá kan sí òmíràn. Ibà, ikun imú, ìpin ojú, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí alájá ti rò pé ara ọmọ ajá náà ti ń yá, àrùn yìí lè wọ ọpọlọ. Ẹnu ajá náà á máa lọ bí ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti orí rẹ̀ á máa fò léraléra, kódà bó bá sùn. Ó lè máa yí po lójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè rọ.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ṣìnà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Ìdí ni pé ààbò tí ọmọ ajá rí nínú wàrà ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ti fìríìjì tún wà níbẹ̀. Àárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Èyí tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì lè má yàtọ̀ sí omi lásán, bẹ́ẹ̀ owó abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ alájá. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gún un bi dókítà léèrè ibi tó ti kó o wá àti ohun tó fi ń mú un tutù.

Èyí tó ń pa èèyàn

Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí wọ́n ń fi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún tó mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ajá dìgbòlugi gbọ́dọ̀ máa sá kiri, kó máa bu èèyàn jẹ. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Òmíràn á kàn dákẹ́ sójú kan, ohùn rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á já sílẹ̀, kò sì ní í lè gbé nǹkan mì. Alájá á rò pé eegun ló há a lọ́fun, á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ yẹn gan-an ni àrùn náà wà.

Nítorí náà, títa ajá tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà fún alápatà kì í ṣe ọ̀nà láti dín òfo kù. Ẹni tó ń pa á àti ẹni tó ń kun ún, ewu ni wọ́n fọwọ́ bà. Kò sí àyẹ̀wò tó lè fi àrùn yìí múlẹ̀ dájú lára ajá tó ṣì wà láàyè. Inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá kú, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí ara ajá náà bá dá, kí wọ́n má ṣe pa á sin. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọ lábẹ́ àkóso dókítà.

Kì í ṣe gbogbo gìrì ló ti inú ọpọlọ wá

Ìyá ajá tó ń fún ọmọ púpọ̀ lọ́yàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bímọ, nítorí pé èròjà kálísíọ̀mù ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí dókítà bá tètè fún un ní kálísíọ̀mù, ó lè dìde lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè kú. Ọmọ ajá kékeré tí ebi pa jù náà lè ní gìrì nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Àwọn kan tún ń fi ọwọ́ ara wọn fà á. Wọ́n á da ọ̀tapiàpià tàbí oògùn apakòkòrò dichlorvos sínú omi, wọ́n á fi wẹ ajá kí eégbọn lè kú. Oògùn náà á gba ara wọlé, ajá á máa dà itọ́, á máa gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ á sì kéré tíntín. Ohun kan náà ni ti ológbò: oògùn eégbọn ajá tó bá ní permethrin nínú lè mú kí ológbò gbọ̀n títí tó fi máa kú.

Ti ajá tó ti darúgbó yàtọ̀. Ó lè jí lọ́jọ́ kan kí orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ ló ń pa irú ajá bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, etí inú tó ń mú kí ara dúró déédéé ló yọnu, ó sì lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Wárápá: owó oṣooṣù

Wárápá tí kò ní ohun mìíràn nídìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́fà. Oògùn bíi phenobarbital ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í wò ó sàn pátápátá. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà oògùn tí Boerboel tó wọn kílò 60 máa lò lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti Lhasa tó wọn kílò 6. Kí alájá fi owó yìí sínú ìṣirò rẹ̀, pẹ̀lú owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ látìgbàdégbà. Ẹni tó bá dá oògùn dúró lójijì nítorí pé owó tán, gìrì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló ń pè. Àrùn yìí máa ń tẹ̀lé ìran nínú àwọn ajá kan, ti Alsatian wà lára wọn, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n fi ajá tó ní in bímọ títà.

Iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ alájá

Ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn ẹranko àdúgbò ń ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ojú dókítà ń ṣe púpọ̀. Ó máa wo bí ajá ṣe ń rìn. Ó máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú dé láti mọ̀ bóyá á tètè dá a padà, ó máa tan iná sí i lójú, ó máa kan orúnkún rẹ̀, ó sì máa tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mọ ìrora. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ̀ bóyá ọpọlọ ni, ọ̀pá ẹ̀yìn ni, àbí iṣan ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á wá tẹ̀lé e.

Bí gìrì bá mú ajá nílé, ẹ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa ariwo, ẹ wo aago, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún dókítà. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Epo pupa, wàrà àti omi àlùbọ́sà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ajá. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tó bá mú un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹni tó fẹ́ ra ajá, kó béèrè káàdì abẹ́rẹ́ tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria buwọ́ lù, kó sì béèrè bóyá gìrì ti mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rí. Ẹni tó ń tà á náà, kó má ṣe fi pamọ́. Oníbàárà tí wọ́n ta ajá aláìsàn fún lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá, kì í sì í dákẹ́.