Owó Ìpalára Ọmọ Ogun: Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Àánú

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kínní ọdọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ni orílẹ̀-èdè wa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn alààyè náà yẹ ní ìrántí. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò, a rí ẹni tó fi ẹsẹ̀, ojú tàbí etí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ẹ̀tọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ èrè ọdún tí ènìyàn fi sìn. Owó ìpalára dúró lórí ohun tí iṣẹ́ náà gbà lára rẹ̀. Méjèèjì wà nínú òfin, Military Pensions Board ní Àbújá ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun.

Ìbéèrè méjì ló ṣe kókó. Ṣé ẹnu iṣẹ́ ni ìpalára náà ti wá? Báwo ló ti pọ̀ tó? Ìgbìmọ̀ dókítà ni yóò yẹ ara wò, tí yóò sì fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ bó ti tó. Nítorí náà, ẹni tó pàdánù ìka kan kò lè gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ìfẹ̀yìntì fi ṣe iyebíye. Ẹni tó bá fi ọgbẹ́ pamọ́ nítorí ìtìjú lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Etí tí ìró ìbọn ti di náà, kí ó sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 173, sọ pé a kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì dúró bí kò ṣe bí òfin bá ṣe fàyè gbà á.

Kí ni ojúṣe ẹgbẹ́? Ẹ kọ orúkọ irú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá wọn ka lẹ́tà wọn, ẹ sì sìn wọ́n lọ fún àyẹ̀wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí wọ́n má ṣe fún alágbàtà kankan ní nọ́ńbà àṣírí báńkì wọn. Ẹni tó fi ara rẹ̀ jìn fún wa kò yẹ kó máa tọrọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.