Jẹjẹrẹ ọmú: ẹ bi ìdílé bàbá náà wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì Ore kọjá mọ̀ pé kòtò kékeré tí a kò bá tètè dí, ọ̀gbun ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni DNA, àkọsílẹ̀ àbímọ́ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Jíìnì BRCA1 àti BRCA2 wà lára àwọn tó ń tún un ṣe. Bí ènìyàn bá jogún èyí tó ní àbùkù, àtúnṣe lè kùnà, kí sẹ́ẹ̀lì sì máa pọ̀ láìníjàánu. Jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2018, lórí obìnrin 1,136 tí jẹjẹrẹ ọmú bá jà n'Ìbàdàn, fi hàn pé nǹkan bíi 11 nínú 100 ló jogún àbùkù yìí.

Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìdílé ìyá nìkan ló ti ń wá. Bàbá tí ara rẹ̀ le koko lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Jíjogún rẹ̀ kọ́ ni àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá, ìyá bàbá tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin bá ti ní in, kí ó tètè sọ fún dókítà.